Ta ló yẹ kó ṣe John Gotti? Ohun tí fíìmù Travolta àti ti Assante fi yé wa

 

Ìbéèrè kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwa tí a fẹ́ràn fíìmù. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe eré nípa ọ̀daràn kan tó gbé ayé lóòótọ́, tí àwọn èèyàn mọ ojú rẹ̀, tí wọ́n sì mọ ohùn rẹ̀, irú òṣèré wo ló yẹ kí wọ́n fún ní ipa náà? Ṣé ẹni tó jọ ọ́ ni? Ṣé ẹni tí wọ́n jọ jẹ́ ẹ̀yà kan náà ni? Àbí ẹnikẹ́ni tó bá ti mọ iṣẹ́ tíátà lè ṣe é?

Ọkùnrin kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi yẹ ìbéèrè náà wò. Orúkọ rẹ̀ ni John Gotti, ọmọ Amẹ́ríkà tí ìdílé rẹ̀ ṣẹ̀ wá láti Ítálì, tó di olórí ẹbí Gambino. Ẹbí Gambino jẹ́ ọ̀kan lára ẹbí márùn-ún tó pín iṣẹ́ Máfíà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ní New York.

Ìdí tí mo fi mú Gotti ni pé fíìmù méjì wà tí àkọlé wọn jẹ́ orúkọ rẹ̀ gan-an. Àkọ́kọ́ jáde lórí tẹlifíṣàn HBO lọ́dún 1996, Armand Assante ló sì ṣe Gotti nínú rẹ̀. Ìkejì jáde ní sinimá lọ́dún 2018, John Travolta ló ṣe é níbẹ̀. Assante gba àmì ẹ̀yẹ Emmy fún tirẹ̀. Àwọn alárìíwísí fi ti Travolta ṣe yẹ̀yẹ́.

Bẹ́ẹ̀, ká ní wọ́n ní kí ẹ yan ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú yín mú Travolta. Kí ló wá dé?

Ta ni John Gotti?

Wọ́n bí Gotti ní Bronx ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹwàá, ọdún 1940, sínú ìdílé tí ọmọ pọ̀ sí, tí owó kò sì tó. Brooklyn ló ti dàgbà. Ó fi ilé ìwé sílẹ̀ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 16, ó darapọ̀ mọ́ àwọn ọmọ ìta, láti ibẹ̀ ló sì ti bọ́ sí iṣẹ́ jíjí ọkọ̀ ẹrù gbé ní agbègbè pápákọ̀ òfurufú.

Ohun tó sọ ọ́ di olókìkí ṣẹlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 16, oṣù Kejìlá, ọdún 1985. Wọ́n yìnbọn pa Paul Castellano, olórí ẹbí Gambino nígbà náà, pẹ̀lú ẹni tó ń wa ọkọ̀ rẹ̀, ní iwájú ilé oúnjẹ Sparks ní Manhattan. Ẹ̀rí tí ilé ẹjọ́ gbọ́ lẹ́yìn ọ̀rẹ̀yìn ni pé Gotti jókòó sínú ọkọ̀ kan nítòsí, ó ń wò ó bó ṣe ń lọ. Kò pẹ́ sí i tó gorí àga.

Àwọn olórí Máfíà ìṣáájú máa ń sá fún kámẹ́rà. Ti Gotti kò rí bẹ́ẹ̀. Ó máa ń wọ súùtù olówó ńlá, irun rẹ̀ kì í dàrú, á sì rẹ́rìn-ín sí àwọn oníròyìn. Àwọn ìwé ìròyìn New York sọ ọ́ ní Ọ̀gá Afínjú. Lọ́jọ́ kẹrin oṣù Keje, tí Amẹ́ríkà máa ń ṣàjọyọ̀ òmìnira, òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ á yin iná aláràbarà sójú ọ̀run ní Ozone Park, wọ́n á sun ẹran, aráàdúgbò á sì jẹun lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, á ní òun ń bá iléeṣẹ́ kan ta ohun èlò omi ẹ̀rọ ni.

Wọ́n tún sọ ọ́ ní orúkọ kejì. Wọ́n fi í wé ìkòkò dídán tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́ nídìí, nítorí ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹ̀sùn kàn án láàárín ọdún 1986 sí 1990 tí kò lẹ̀ mọ́ ọn lára.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ìdáhùn ìbéèrè wa ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ló dé tí ẹjọ́ kì í mú un?

Ẹni tó mú ẹ̀sùn àkọ́kọ́ wá jẹ́ ọkùnrin kan tó ń tún fìríìjì ṣe. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n fi dí ojú ọ̀nà dá ìjà sílẹ̀ ní Queens lọ́dún 1984, wọ́n lu ọkùnrin náà, wọ́n sì gba owó tó wà lápò rẹ̀. Ó mú ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n kí ìgbẹ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1986, wọ́n ti pa Castellano, orúkọ Gotti sì ti gba ojú ìwé ìròyìn. Nígbà tí ọkùnrin náà dúró níwájú adájọ́, ó ní òun kò rántí ẹni tó lu òun mọ́. Bí ẹjọ́ náà ṣe fọ́ nìyẹn.

Ẹ̀sùn kejì tóbi ju ìyẹn lọ. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ló mú un wá, ó sì parí ní oṣù Kẹta ọdún 1987. Àwọn ará ìlú 12 tí ilé ẹjọ́ yàn pé kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ ní Gotti kò jẹ̀bi. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà ni àṣírí tú pé ọ̀kan nínú àwọn 12 náà ti gba rìbá 60,000 dọ́là.

Ẹ̀sùn kẹta dá lórí ìbọn tí wọ́n yìn fún aṣáájú ẹgbẹ́ àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà kan. Gotti tún járe nínú oṣù Kejì ọdún 1990, àwọn kan sì ń pàtẹ́wọ́ fún un lójú títì.

Ẹ ò rí i pé kò sí idán kankan níbẹ̀. Ìbẹ̀rù pa ẹnì kan lẹ́nu mọ́, owó sì ra ẹlòmíràn. Orúkọ ìkòkò dídán tí wọ́n fún un dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni ọkùnrin kan tí ìbẹ̀rù ń gbọ̀n níwájú adájọ́.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Ọjọ́ olóhun pé ní ọjọ́ 11, oṣù Kejìlá, ọdún 1990, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ FBI wọ ilé ẹgbẹ́ Ravenite ní òpópónà Mulberry, tí wọ́n sì gbé Gotti àti igbákejì rẹ̀, Salvatore Gravano. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ pamọ́ sínú yàrá opó kan tó ń gbé lókè ilé ẹgbẹ́ náà. Gotti a máa gun òkè lọ síbẹ̀ láti sọ ọ̀rọ̀ àṣírí, èrò rẹ̀ ni pé etí kankan kò lè gbọ́ ọ.

Wọ́n gbé ohùn náà sáfẹ́fẹ́ nílé ẹjọ́. Nínú rẹ̀ ni Gotti ti ń sọ pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òun yóò kú nítorí pé òun pè é, kò wá. Nínú rẹ̀ náà ni ó ti ń sọ ọ̀rọ̀ Gravano láìdáa. Nígbà tí Gravano gbọ́ ohun tí ọ̀gá rẹ̀ ń sọ lẹ́yìn rẹ̀, ó gbà láti jẹ́rìí fún ìjọba. Gravano fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun lọ́wọ́ nínú ikú èèyàn 19, ọdún márùn-ún péré sì ni ẹ̀wọ̀n tí wọ́n dá fún un.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1992 ni wọ́n dá Gotti lẹ́bi. Nínú oṣù Kẹfà, adájọ́ rán an lọ sẹ́wọ̀n gbére, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ sì dojú ọkọ̀ dé níwájú ilé ẹjọ́ nítorí ìbínú. Jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun ló pa á nílé ìwòsàn ọgbà ẹ̀wọ̀n ní Springfield, ìpínlẹ̀ Missouri, ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹfà, ọdún 2002. Ẹni ọdún 61 ni.

Kí ni ipa yìí ń béèrè lọ́wọ́ òṣèré?

Bí ẹ bá tẹ̀lé ìtàn náà dáadáa, ẹ ó rí i pé Gotti méjì ló wà. Gotti àkọ́kọ́ wà lójú títì, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń juwọ́ sí àwọn èèyàn, súùtù rẹ̀ sì ń dán. Gotti kejì wà nínú yàrá opó yẹn, ó ń ṣàròyé, ó ń sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lẹ́yìn, ó ń sọ ẹni tó máa kú bí ẹni ń sọ ohun tó fẹ́ jẹ lálẹ́.

Àkọ́kọ́ ni gbogbo ayé rí. Ìkejì ni ilé ẹjọ́ gbọ́. Òṣèré tó bá fẹ́ ṣe Gotti ní láti gbé àwọn méjèèjì sínú ara kan ṣoṣo, kó sì jẹ́ kí a rí i pé ẹ̀rín ìta ni wọ́n fi bo ìwà inú yàrá. Bó bá ṣe ti ìta nìkan, ìpolówó ọjà ló ṣe. Bó bá ṣe ti inú yàrá nìkan, kò ní yé wa ìdí tí odidi àdúgbò fi ń pàtẹ́wọ́ fún apànìyàn.

Aṣọ ńlá kọ́ ni èèyàn ńlá. Òwe yẹn gan-an ni iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún òṣèré náà. Ó gbọ́dọ̀ wọ aṣọ ńlá náà, kó yẹ ẹ́, kó sì tún jẹ́ ká rí bí ẹni tó wọ̀ ọ́ ṣe kéré tó.

Ṣé ẹ̀yà àti ojú ló ṣe pàtàkì?

Àwọn kan máa ń sọ pé ọmọ Ítálì nìkan ló yẹ kó ṣe ọmọ Ítálì. Ẹ jẹ́ ká fi òṣùwọ̀n yẹn wọn àwọn méjèèjì. Ọmọ Ítálì ni bàbá Travolta, ìyá rẹ̀ sì wá láti ìdílé Ireland. Ọmọ Ítálì ni bàbá Assante náà, ìdílé Ireland sì ni ìyá tirẹ̀ ti wá. Ọ̀mì ni wọ́n gbá. New Jersey, lódìkejì odò sí New York, ni wọ́n ti bí Travolta. New York gan-an ni wọ́n ti bí Assante. Ẹ̀jẹ̀ kò lè sọ ìdí tí ọ̀kan fi ṣe é re tí èkejì kò sì ṣe é re.

Ẹ tún wo Al Capone, ọ̀daràn ìlú Chicago tí wọ́n rán lẹ́wọ̀n lọ́dún 1931 nítorí owó orí. Lọ́dún 1932, Paul Muni ló ṣe ọ̀daràn tí wọ́n fi Capone ṣe àwòkọ rẹ̀ nínú fíìmù Scarface. Júù ni Muni, ìhà ìlà oòrùn Yúróòpù ni wọ́n sì ti bí i. Láti 2010 sí 2014, Stephen Graham ló ṣe Capone nínú Boardwalk Empire. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni, láti ẹ̀bá Liverpool, ọmọ Jàmáíkà sì ni bàbá bàbá rẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ olùwòran ló gbà pé Capone tirẹ̀ wà lára èyí tó dára jù. Ìbínú tó ń ru lábẹ́ ẹ̀rín ọmọdé ló mú wá, kò sì sí ẹni tó béèrè ìwé ìbí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ojú jíjọ ńkọ́? Robert De Niro sanra kó tó ṣe Capone nínú The Untouchables lọ́dún 1987. Wọ́n tilẹ̀ bá a wá àwọ̀tẹ́lẹ̀ sílíìkì láti ilé aránṣọ tí Capone fúnra rẹ̀ ti ń rà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kámẹ́rà kò ní rí i. Irú nǹkan báyìí lè ran òṣèré lọ́wọ́ láti mọ bí ẹni náà ṣe ń rìn àti bó ṣe ń gbé àyà. Ṣùgbọ́n ìrànlọ́wọ́ lásán ni. Ojú Assante tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti Gotti lọ, wọn kò jọra tó bẹ́ẹ̀, kò sì dí i lọ́wọ́.

Kí ni Travolta ní tó fi yẹ ipa náà?

Ó ní púpọ̀. Kò sí ẹni tó wo Saturday Night Fever, tó jáde lọ́dún 1977, tó lè gbàgbé ọmọkùnrin Brooklyn tó ń rìn lójú títì bí ẹni pé òun ló ni ìlú. Ọmọ Ítálì ni ẹ̀dá ìtàn náà, ó fẹ́ràn aṣọ, ó fẹ́ràn kí wọ́n máa wo òun. Lọ́dún 1995, nínú Get Shorty, Travolta ṣe ọ̀daràn tó ń gba gbèsè, tí kì í pariwo, tí ojú rẹ̀ nìkan tó láti dẹ́rù ba èèyàn. Bí ẹ bá pa àwọn méjèèjì yìí pọ̀, ẹ ti ń sún mọ́ Gotti.

Ohun mìíràn tún wà tó jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 1980, ọkọ̀ aládùúgbò kan kọ lu Frank, ọmọ Gotti tó jẹ́ ọmọ ọdún 12, níbi tó ti ń gun alùpùpù kékeré, ọmọ náà sì kú. Travolta pẹ̀lú mọ ohun tí ọ̀fọ̀ ọmọ jẹ́. Ọmọ rẹ̀, Jett, kú ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní ọdún 2009, lọ́mọ ọdún 16. Kelly Preston, ìyàwó Travolta àti ìyá Jett, ló sì ṣe ìyàwó Gotti nínú fíìmù 2018 náà. Kò sí òṣèré kan tí ẹnì kan máa kọ́ ní bí irú ìrora bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí, tí yóò mọ̀ ọ́n ju àwọn méjèèjì yìí lọ.

Ó tún ní sùúrù. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi dúró ti iṣẹ́ náà, tí olùdarí kan ń lọ tí òmíràn ń bọ̀. Barry Levinson wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fẹ́ darí rẹ̀ kó tó já sọ́wọ́ Kevin Connolly.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí lè jẹ́ àbùkù o. Travolta ti lé ní 60 nígbà tí wọ́n ya fíìmù náà, nígbà tí Gotti kò ju ẹni ọdún 45 lọ nígbà tó gba ipò. Ohun ọ̀ṣọ́ ojú kò lè bo gbogbo rẹ̀. Àmọ́ níbi tó ti ṣe Gotti arúgbó, tí àìsàn ti gbá a mú nínú ẹ̀wọ̀n, ó hàn sí mi pé òṣèré gidi wà lẹ́nu iṣẹ́.

Níbo ni ẹsẹ̀ fíìmù náà ti yẹ̀?

Àgbọ́ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ìwé tí ọmọ Gotti, John kékeré, kọ nípa bàbá rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ fíìmù 2018. Ìjókòó bàbá àti ọmọ nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fi so ìtàn náà pọ̀. Kò burú kí ọmọ fẹ́ràn bàbá rẹ̀, àwa náà mọ̀ pé ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ, bẹ́ẹ̀ sì ni ti bàbá ẹni. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kì í ṣe òǹwòran lásán. Ó jẹ́wọ́ ẹ̀sùn ìwà ọ̀daràn lọ́dún 1999, ó sì lọ sẹ́wọ̀n. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ìjọba tún gbé e lọ sílé ẹjọ́ tí àwọn ará ìlú tó ń gbọ́ ẹjọ́ kò lè fẹnu kò, ìjọba sì jáwọ́. Fíìmù náà fi í hàn bí ẹni tí wọ́n ń ni lára.

Ní ìparí, wọ́n fi àwòrán gidi hàn, níbi tí àwọn ará New York ti ń yin Gotti pé ó dáa, pé kò jẹ́ kí olè jà ládùúgbò. Kò sí irú ààyè bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó bẹ̀rù rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ikú Frank. Ọ̀fọ̀ náà jẹ́ òótọ́, ó sì yẹ ká bá òbí kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin lẹ́yìn rẹ̀, aládùúgbò tí ọkọ̀ rẹ̀ kọ lu ọmọ náà di àwátì. Ìjàǹbá ni àwọn ọlọ́pàá ti pe ikú ọmọ náà. Gotti àti ìyàwó rẹ̀ wà ní Florida nígbà tí ọkùnrin náà pòórá. Òun náà ní ìyàwó, ó sì ní ọmọ. Títí di òní, wọn kò rí òkú rẹ̀ sin.

Ìdílé méjì ló ṣọ̀fọ̀ ní àdúgbò kan náà lọ́dún kan náà. Òṣèré tí wọ́n bá fún ní omijé ọ̀kan nìkan láti sun, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n sun tó, ìdajì Gotti ló ń ṣe. Àwọn tó kọ ìtàn náà ló gé ìdajì yòókù kúrò kó tó dé ọwọ́ rẹ̀.

Ohun tó tẹ̀lé e kò yani lẹ́nu. Lórí ojúlé Rotten Tomatoes, tó ń kó èrò àwọn alárìíwísí jọ, òdo ni fíìmù náà gbà nínú ọgọ́rùn-ún. Owó tó pa ní sinimá Amẹ́ríkà kò tó mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là.

Kí ni Assante ṣe tó yàtọ̀?

Ìwé àwọn oníròyìn méjì, Jerry Capeci àti Gene Mustain, tí wọ́n ti ń tọ ipasẹ̀ Gotti fún ọdún púpọ̀, ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ fíìmù 1996. Robert Harmon ló darí rẹ̀. Àwọn òǹkọ̀wé náà kì í ṣe ẹbí, wọn kì í sì í ṣe ọlọ́pàá. Wọ́n ti gbọ́ ohun tó jáde nílé ẹjọ́, ẹnu ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì bá wọn dá ìtàn náà.

Nítorí náà, Assante rí ohun tó máa gbé. Gotti tirẹ̀ lẹ́wà, ó ń dán, ẹ ó fẹ́ bá a jókòó mu kọfí. Ṣùgbọ́n ẹ ó rí i bí ìgbéraga ṣe ń wọ̀ ọ́ lára díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ní òun ń tẹ̀lé òfin àwọn àgbà ṣe rú òfin náà láti gba ipò, àti bí ìfẹ́ láti wà lójú kámẹ́rà ṣe ń fa FBI wá sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. William Forsythe tó ṣe Gravano ní ààyè tó pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí náà a rí ojú ẹlòmíràn tó ń wo Gotti, tí kì í ṣe ojú ọmọ tó ń wo bàbá.

Ohun kan tún wà nínú fíìmù yẹn tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Gbajúgbajà òṣèré Anthony Quinn, tí wọ́n bí ní Mẹ́síkò, ló ṣe Neil Dellacroce, àgbà tó tọ́ Gotti sọ́nà nínú ẹgbẹ́ náà. Quinn yìí kan náà ti lọ jókòó nílé ẹjọ́ lọ́dún 1992 láti wo ìgbẹ́jọ́ Gotti. Mickey Rourke náà lọ. Ẹ ò rí i pé àwọn òṣèré ń wo ọ̀daràn, ọ̀daràn náà sì ń ṣeré fún wọn. Gotti ti ń ṣe ipa Gotti fún ọdún pípẹ́ kí HBO tó pe Assante.

Ìdí nìyẹn tí ipa yìí fi ṣòro. Eré ni ohun tí òṣèré ń wò láti kọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Bí kò bá ṣọ́ra, á kàn tún eré tí ọ̀daràn náà ti ṣe ṣe ni, á sì bá a parí irọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Kí ló kàn wá níbẹ̀?

Ẹnì kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn Òyìnbó nìyí, kí ló kan àwa ọmọ Nàìjíríà? Ó kàn wá dáadáa.

Ọ̀pọ̀ jùlọ ọmọ Amẹ́ríkà tó ṣẹ̀ wá láti Ítálì ni kò bá Máfíà da nǹkan kan pọ̀. Àwọn mọlémọlé, olùkọ́, dókítà àti alásè ni wọ́n. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣàròyé pé àwọn fíìmù yìí ń ba orúkọ àwọn jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ ya The Godfather. Ẹgbẹ́ kan tó ní òun ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ Ítálì ló mú kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ náà, Máfíà, kúrò nínú ìtàn eré náà. Joseph Colombo tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ jẹ́ olórí ọ̀kan nínú ẹbí márùn-ún Máfíà New York fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń ba orúkọ ẹ̀yà rẹ̀ jẹ́ ló ń fi ẹ̀yà náà bojú.

Àwa náà ti jẹ nínú ìyà yìí. Lọ́dún 2009, nígbà tí fíìmù District 9 jáde, ó fi àwọn ọmọ Nàìjíríà hàn bí ọ̀daràn tó ń jẹ ẹran ara ẹ̀dá mìíràn, ó sì fún olórí wọn ní orúkọ tó jọ ti ààrẹ wa àná. Dora Akunyili, tó jẹ́ mínísítà fétò ìròyìn nígbà náà, ní kí àwọn ilé sinimá má ṣe fi í hàn mọ́. Ọmọ Màláwì ni òṣèré tó ṣe olórí àwọn ọ̀daràn náà. Ká ní ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n fún ní ipa náà, ṣé ìtàn náà ì bá dùn mọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ? Rárá. Ẹni tó kọ ìtàn náà àti ohun tó yàn láti rí nínú wa ni ìṣòro wà.

Bákan náà ni yóò rí nígbà tí àwọn òṣèré wa bá fẹ́ gbé ìtàn ọ̀daràn wa jáde. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní ọdún 1986 rántí Lawrence Anini, tó da ìlú Benin rú kí wọ́n tó mú un, tí wọ́n sì yìnbọn pa á lọ́dún 1987. Àwọn kan fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sọ ìtàn rẹ̀ bí ìtàn akọni, nítorí pé ó máa ń fọ́n owó ká nínú ọjà. Bí ẹnì kan bá fẹ́ fi í ṣe fíìmù lónìí, ẹ má kọ́kọ́ béèrè òṣèré tó jọ ọ́. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti lọ bá àwọn ìdílé ọlọ́pàá àti ará ìlú tó kú lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ béèrè bóyá ọlọ́pàá tó ń ràn án lọ́wọ́ lábẹ́lẹ̀ náà wà nínú ìtàn.

Ṣé Travolta yẹ ipa náà ní ìparí?

Ìdáhùn mi rèé. Travolta yẹ ẹ́. Fíìmù tí wọ́n fi ipa náà sí ni kò yẹ. Ó ní ìrìn, ó ní ojú, ó ní ọgbẹ́ tí ipa náà ń béèrè. Ohun tí wọn kò fún un ni àwọn èèyàn tí Gotti ṣe ní ìkà. Òṣèré kò lè ṣe apànìyàn dáadáa nínú fíìmù tí kò ka ẹni tó kú sí èèyàn, nítorí kò sí ẹni tó máa wò lójú nígbà tó bá ń pa á.

Assante rí àwọn èèyàn náà nínú ìtàn tí wọ́n gbé fún un, ó sì mọ ohun tó yẹ kó fi wọ́n ṣe.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá tún gbọ́ pé wọ́n ti yan òṣèré kan láti ṣe ọ̀daràn tó gbé ayé rí, tí àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀ lórí imú rẹ̀ àti ohùn rẹ̀, ẹ bá mi béèrè ìbéèrè kan sí i: ta ló ni ìwé tí wọ́n fi kọ eré náà, ta ni wọn kò sì bi léèrè ọ̀rọ̀? Ọkùnrin tó ń tún fìríìjì ṣe yẹn ní òun kò rántí mọ́, ó sì yé wa ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Ó kù sọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe fíìmù láti rántí fún un, nítorí ìbọn kò sí ní orí wọn.